Ibi Tí Ọ̀gá Àpáta Dúró Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá fúnra yín, ẹ máa gbọ́ lọ, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹlòmíì ni.

Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí ni ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìjàm̀bá ọkọ̀. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ dára, ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti fi pè é kẹ́yìn. Àpáta ni gbogbo wọn ń pè é. Akọ̀wé rẹ̀ ló fún un ní orúkọ náà nígbà tí ó ń wá ìgbéga lójú méjèèjì. Ó ní àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ yòókù, iyanrìn lásán ni wọ́n, atẹ́gùn díẹ̀ ti tó láti kó wọn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá tiwa, àpáta ni, àpáta kì í sì í kúrò níbi tó bá wà. Ọ̀gá ní kó tún un sọ. Akọ̀wé tún un sọ. Ọ̀gá ní kó gbé ohùn sókè sí i, nítorí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sì dára kí a máa fi ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì pamọ́ fún ará ìta. Kí oṣù tó parí, akọ̀wé ti gba ìgbéga. Wọ́n ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Akọ̀wé wa yìí ò tilẹ̀ mú àáké dání, ahọ́n lásán ló fi wa oyin tirẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì Àpáta, ẹ ó rí i pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ àwọn àga àlejò kúrú, kí àlejò lè máa gbójú sókè wò ó. Àwòrán ara rẹ̀ ló wà lára ògiri ìwájú, òun náà ló wà lára ti ẹ̀yìn, torí ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ẹ̀yìn sí òun. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á kí i, wọ́n á jókòó. Bó bá húkọ́, wọ́n á tún dìde. Ìgbà kan wà tí òtútù mú un gan-an, ìpàdé ọjọ́ náà rẹ àwọn òṣìṣẹ́ ju iṣẹ́ oko lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí ìjọba fi ra ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Kò tóbi, ó ń jókòó sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ojú kan ṣoṣo ló ní. Tẹ́lẹ̀, bí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, téèpù ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, títì á wà ní dídí, oòrùn á máa pa èèyàn. Ẹ̀rọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Awọnlẹ̀ á gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá títì, á kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ wo ohun kan tí kì í kúrò lójú kan, bí òpó iná tàbí igun ilé. Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan á mú ọ̀pá tó ní díńgí lórí, á máa gbé e lé orí gbogbo ohun tó kù: ibi tí táyà ti fà, ibi tí gíláàsì fọ́ sí, ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ẹ̀rọ á máa wọ̀n ọ́n, á máa fi pamọ́. Kí èèyàn tó mọ̀, iṣẹ́ ti parí, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ kúrò, ọ̀nà á là. Tí wọ́n bá padà dé ọ́fíìsì, wọ́n á ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́ sórí ìwé tí títì, ilé àti gọ́tà ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn ń ya ọkọ̀ sójú òfúrufú ni.

Obìnrin awọnlẹ̀ kan ló wá kọ́ wọn ní lílò rẹ̀, obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí sùúrù rẹ̀ kúrú. Ó ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Bó ṣe dé ibi tó ti ní kí wọ́n máa wá ohun tí kì í kúrò lójú kan, akọ̀wé dìde, ó ní kí ló dé tí a tún ń wá a kiri, nígbà tí Àpáta fúnra rẹ̀ jókòó síbí. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, bí àlejò ṣe máa ń kọ ẹran tí ojú rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ látàárọ̀. Ó wá dìde, ó fa aṣọ rẹ̀ gún, ó sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “mo béèrè lọ́wọ́ yín: òpó iná, ìwé wo ló kà? Ta ló yàn án sípò? Ìgbà wo ló sun oorun àìsinmi nítorí ìlú yìí? Ṣé ó wá tọ́ kí ẹ̀rọ tí ìjọba rà máa kọ́kọ́ kí òpó, kó tó kí ọ̀gá àgbà? Rárá o. Láti òní lọ, níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti kọlu ọkọ̀, ibi tí mo bá dúró sí ni ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò ti máa wọn ayé.”

Oorun àìsinmi! Ẹ bá mi wò ó. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un lọ́jọ́ náà, ká ní àtẹ́wọ́ ń yan búrẹ́dì ni, gbogbo ìlú ì bá yó. Obìnrin awọnlẹ̀ nìkan ló ní, sà, òpó kì í rìn, ẹ̀yin máa ń rìn. Ọ̀gá dá a lóhùn pé nígbà tí òun bá dúró, òun dúró. Obìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ni wọ́n ni iṣẹ́ wọn, òun á máa wọ̀n ọ́n bí wọ́n bá ṣe fẹ́.

Bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá forí sọ ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé àwọn tó fara pa lọ sílé ìwòsàn, nítorí wọn ò tíì ya wèrè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí Ọ̀gá yóò fi dé. Ọ̀gá ò sì í yára. Á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, á béèrè irú ọkọ̀ tó kọlu ara wọn kó lè mọ fìlà tó yẹ. Tó bá dé, wọ́n á tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa fún un, á gun orí rẹ̀, á gba ọ̀kan nínú ọ̀pá onídíńgí méjì lọ́wọ́ ẹni tó mú wọn dání, á dì í mú bí ọba ṣe ń di ọ̀pá àṣẹ mú. Ẹ̀rọ á kí i. Ayafọ́tò á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà, á yà á láti ìsàlẹ̀ kó lè ga, débi pé ojú ọ̀run nìkan ló máa ń hàn lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò. Àwọn ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn á máa fọn fèrè, Ọ̀gá á máa juwọ́ sí wọn, ó rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní ìkóríta kan báyìí, oòrùn wọ ojú Ọ̀gá láàárín iṣẹ́, ó bá gbé ara rẹ̀ pẹ̀lú rọ́ọ̀gì rẹ̀ lọ sábẹ́ igi ní òdìkejì títì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ya ìjàm̀bá náà sórí ìwé, takisí kan wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé Ọ̀gá kúrò lójú kan, torí àpáta kì í rìn. Ọ̀gá wo ìwé náà títí, ó ní ìwé ò purọ́. Ó ránṣẹ́ pe télọ̀ pé kó wá sọ ohun tí takisí ń ṣe lórí òrùlé rẹ̀. Télọ̀ búra pé aṣọ lòun ń rán, òun ò gba àlejò sórí òrùlé rí. Wọ́n ní kó máa lọ, kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Irú èèyàn báyìí, ibo lẹ rò pé ìjọba ń gbé e lọ? Òkè ni, kí ló tún kù. Olórí ìjọba rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn léraléra, ojú ọ̀run lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ní ọkùnrin yìí jọ èèyàn pàtàkì. Wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òun ni wọ́n máa fi ṣe mínísítà, bí àbàwọ́n kankan ò bá ṣáà ti kàn án kí wọ́n tó kéde.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ò ti gbádùn mọ́. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó máa sọ lọ́jọ́ ìbúra ló ń kọ́ káàkiri. Ó ń sọ ọ́ nílé ìwẹ̀, ó ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá wọn, ẹ jẹun ná, ìlú ò sá lọ.” Ó dá a lóhùn pé ìlú gan-an lòun ń bá sọ̀rọ̀ yẹn, kó má dá sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ó sọ ọ́ dé ibi tó dùn, ó bá dákẹ́ de àtẹ́wọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bi dírẹ́bà rẹ̀ léèrè ohun tó dé. Dírẹ́bà ní ẹ má bínú, sà, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ń wa ọkọ̀. Inú bí Ọ̀gá. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ, kó lọ máa fi ọwọ́ méjèèjì ronú. Ó bọ́ sí iwájú, ó wa ara rẹ̀ lọ.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ó wá dé gbólóhùn tó ní, “Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gba ìlú yìí mọ́ra,” ló bá la ọwọ́ méjèèjì, ó gbá ìlú mọ́ra. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dì mú mọ́ yà bàrá, ó kọjá ilà àárín títì, ó bọ́ sí apá kejì, ó lọ forí sọ ọkọ̀ búrẹ́dì tó ń bọ̀ wá jẹ́jẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò kú, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ búrẹ́dì ṣí, búrẹ́dì tú dà sójú títì. Obìnrin tó ń wa ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ti wú. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń yan búrẹ́dì náà, òun ló ń gbé e kiri fún àwọn tó ń tà á, iṣẹ́ ọwọ́ wọn kan ṣoṣo nìyẹn. Ó sáré wá síbi Ọ̀gá, ó kí i pẹ̀lẹ́, ó ní ṣé kò fara pa. Ọ̀gá bi í bóyá ó mọ ẹni tó kọlù. Obìnrin náà ní apá tòun lòun wà, sà, ẹ̀yin lẹ bá mi níbẹ̀. Ọ̀gá rí àga mínísítà tó ń sún kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ó pe ọ́fíìsì pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá kíá. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tó ní kí wọ́n ṣe kíá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ńkọ́? Búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣà. Ẹni tó bá sì ti ṣa búrẹ́dì olóbúrẹ́dì kì í fẹ́ lọ sọ ní kóòtù pé òun wà níbẹ̀.

Ọ̀gá wá ibi tó máa dúró sí. Ní apá tirẹ̀ nínú títì, wọ́n fi simẹ́ǹtì ṣe pèpéle fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ga díẹ̀, iwájú báńkì ló sì wà. Lẹ́yìn pèpéle yìí ni gọ́tà ńlá kan wà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omi dúdú inú rẹ̀ ń hó. Ọ̀gá gun pèpéle, ó na ọrùn. Wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì, ẹ̀rọ kí i, ayafọ́tò dọ̀bálẹ̀. Nítorí èrò pọ̀ tó ń wò ó, kò mira rárá títí iṣẹ́ fi parí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dúró bí àpáta ní tòótọ́ nìyẹn. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ méjèèjì kúrò, òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́, ó fọ ojú títì mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé wo àwòrán tí wọ́n yà. Ọkọ̀ Ọ̀gá ló wà ní apá ti obìnrin oníbúrẹ́dì gbọnrangandan. Ó bẹ obìnrin awọnlẹ̀ pé kó bá wọn tún un ṣe. Awọnlẹ̀ ní òun ò ní í fọwọ́ kan ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. Akọ̀wé jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó wá rántí pé ẹ̀rọ ò mọ ibi tí Ọ̀gá dúró sí. Láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ló ti wọn ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ibi tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ó mú àmì tó dúró fún Ọ̀gá, ó tì í sẹ́yìn díẹ̀ lórí ìwé, ó tún ìyókù yà láti ibẹ̀. Gbogbo nǹkan tẹ̀lé e bí àgùntàn: ọkọ̀ Ọ̀gá padà sí apá tirẹ̀, ọkọ̀ búrẹ́dì ló wá kọjá ilà. Inú akọ̀wé dùn dépò pé kò wo ibi tí àmì náà balẹ̀ sí. Ọ̀gá náà ò wò ó, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló wò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ń sọ fún àwọn èèyàn bí òun ṣe fi ojú ara òun rí ọkọ̀ búrẹ́dì tó ń fò bọ̀ lókèèrè.

Wọ́n gbé obìnrin oníbúrẹ́dì lọ sí kóòtù. Bí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, wọ́n á gba ọkọ̀ rẹ̀ àti ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, òun náà á sì ṣẹ̀wọ̀n. Bí ó bá dá a láre, àga mínísítà ti lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, lọ́yà Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, “bẹ́ẹ̀ ni” ni kó máa wí, kó má fi nǹkan kan kún un. Ìyàwó rẹ̀ bá a fa aṣọ rẹ̀ gún lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹnu kékeré ni kí ẹ fi dáhùn lónìí.” Ọ̀gá ní kò sí ohun tó rọrùn jùyẹn lọ.

Adájọ́ jẹ́ obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ìka tẹ̀lé e. Ó bi Ọ̀gá bóyá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti wọn ohun gbogbo. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá kò kúrò lójú kan. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́yà ń mirí, akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín. Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

“Mo ń gba ọ̀nà yẹn lọ sílé lójoojúmọ́,” ó ní. “Ibi tí àmì yín wà lórí ìwé yìí, inú gọ́tà ni. Ṣé inú gọ́tà lẹ dúró sí, sà?”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ ní kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, ọ̀gá tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ lè wọ gọ́tà. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ìwé náà tọ́, obìnrin oníbúrẹ́dì ló jẹ̀bi, kí ó ṣáà dáhùn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn tó. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyọ kan péré, ọkùnrin yìí á di mínísítà. Lọ́yà rẹ̀ tiẹ̀ ti dìde, ó ní oníbàárà òun nífẹ̀ẹ́ ìlú débi pé kò sí ibi tí kò lè wọ̀. Akọ̀wé ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, òógùn ti bò ó. Obìnrin oníbúrẹ́dì di igi iwájú rẹ̀ mú, ó ń wo ẹnu Ọ̀gá bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀gá la ẹnu, ó ti fẹ́ wí i. Ìgbà náà ló rí ara rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ nínú omi dúdú dé orúnkún, pẹ̀lú fìlà tó yan fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó rí àwọn oníwèé ìròyìn tó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ti gbé gègé. Ó gbọ́ bí wọ́n á ṣe máa kí i ní ìjókòó ìjọba: mínísítà inú gọ́tà. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Èmi kọ́,” ó ní. “Ẹ bi gbogbo ìlú léèrè, kò sí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi tẹ ibi ìdọ̀tí. Orí pèpéle iwájú báńkì ni mo dúró sí, níbi tó ga jù, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí mi. Mo fi ipò mi búra.”

Lọ́yà rẹ̀ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé àmì náà kúrò nínú gọ́tà, kí wọ́n fi í sórí pèpéle bí Ọ̀gá ṣe búra, kí wọ́n tún ìyókù yà láti ibẹ̀. Wọ́n gbé e. Ọkọ̀ Ọ̀gá tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ kọjá ilà, ó lọ dúró sí apá ti obìnrin oníbúrẹ́dì. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ gbá a mú, wọ́n jọ ń sunkún. Wọ́n ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdájọ́. Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ Ọ̀gá, wọ́n ní kó tún ọkọ̀ búrẹ́dì ṣe, wọ́n ní kí ọlọ́pàá mú òun àti akọ̀wé rẹ̀ lọ fún ẹjọ́ ìwé èké. Akọ̀wé ti ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé ọlọ́pàá bíi tirẹ̀ jọ àpáta. Ọ̀gá nìkan ni kò tíì mira. Ó nawọ́ sókè, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan: kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù kedere, kí gbogbo ayé lè rí i, pé òun ò dúró nínú gọ́tà.

Adájọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n kà á sí i létí. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòtù, ó tẹ̀lé ọlọ́pàá lọ tẹ̀ríntẹ̀rín.